Ọ̀nà Ìkọ́ni Tó Ti Jàpáàn Dé Minna

Ní ọdún 2006, ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni ìjọba Nàìjíríà àti JICA, àjọ tí ìjọba Jàpáàn fi ń ran orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, yàn láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ SMASE: Kaduna, Plateau àti Niger. Ìkọ́ni ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni ètò náà fẹ́ tún ṣe. Wọn kò fi ilé ìwé tuntun bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì fi kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì fi ọ̀nà tí olùkọ́ fi ń yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò hàn wọ́n. Ìpele àkọ́kọ́ parí ní 2009, nígbà tó sì di 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tó kù.

Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò, Minna, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, ni, nítorí ìlú olùkọ́ ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Bosso ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ibùdó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un gbòòrò dé Gidan Kwano, ilẹ̀ gbalasa tó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Bida, èyí tó ti di ọgbà ńlá yunifásítì náà lónìí. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ iṣẹ́ káfíńtà, olùkọ́ iṣẹ́ irin àti ti iná mànàmáná. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ NECO, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún ilé ẹ̀kọ́ girama.

Síbẹ̀, ìṣòro tó wà nílẹ̀ kò kéré. UNICEF ti sọ pé nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin láàárín ọmọ ọdún méje sí mẹ́rìnlá ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kó yé e, tí kò sì lè yanjú ìṣirò tí kò le. Púpọ̀ nínú wọn ń lọ sílé ìwé lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá jókòó sínú kíláàsì fún ọdún mẹ́rin tí kò lè kàwé, a jẹ́ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti tíṣà rẹ̀ ni kí a lọ wò. Ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé ìwé wọn yọrí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan lórí ìdá lè fi bí ọ̀nà SMASE ṣe rí hàn. Bí tíṣà bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì kẹta pé èwo ló pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò dáhùn pé ìdá kan nínú mẹ́rin, torí wọ́n ti kọ́ wọn pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí tíṣà sọ pé rárá, kó kọ ìdáhùn sójú pátákó, kí gbogbo kíláàsì sì ké e tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀nà tuntun yìí, tíṣà yóò ti fa ewé inú ìwé àjákọ àtijọ́ ya sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní òòró kan náà, yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní méjì. Wọn yóò ṣẹ́ ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta, wọn yóò ṣẹ́ ìkejì sí ọ̀nà mẹ́rin, wọn yóò wá gbé ìdá kan nínú èyí lé ìdá kan nínú ìyẹn. Ọmọ tó rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló pọ̀ jù yóò rí i fúnra rẹ̀ pé èyí tí òun dì mú ló kúrú. Lẹ́yìn èyí ni tíṣà yóò béèrè ìdí. Ìdáhùn tí àwọn ọmọ bá fi ẹnu ara wọn sọ, pé bí ẹni tí yóò pín nǹkan bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpín ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dín kù, ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Kò sí ohun tí wọ́n rà nínú gbogbo èyí. Ìlànà ètò náà sọ ọ́ kedere pé kí tíṣà lo ohun tó wà ní àrọ́wọ́tó, ìbáà jẹ́ ike omi tó ti tán, ìdérí ìgò, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí igi. Apá kejì ìlànà náà kan tíṣà fúnra rẹ̀: kó gbèrò iṣẹ́ náà, kó ṣe é, kó wo ohun tó jáde, kó sì tún un ṣe kó tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe inú ọ́fíìsì ní Tokyo ni wọ́n ti hun ìlànà yìí. Kẹ́ńyà ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1998, àwọn olùkọ́ Kẹ́ńyà pẹ̀lú àwọn ará Jàpáàn ni wọ́n sì jọ gbé e kalẹ̀ láti bá ilé ìwé Áfíríkà mu, níbi tí ọmọ ti pọ̀ nínú kíláàsì tí irinṣẹ́ kò sì sí. Ọ̀nà Nairobi ló gbà dé Minna.

Bí àwọn ará Jàpáàn fúnra wọn ṣe ní àṣà yíyẹ ìkọ́ni wò yìí tún yẹ ní mímọ̀, torí ayálò ni lọ́wọ́ àwọn náà. Ṣáájú 1872, ọmọ ilẹ̀ Jàpáàn ń kàwé lọ́dọ̀ olùkọ́ àdúgbò ni, olùkọ́ á sì máa pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá síwájú rẹ̀ láti kọ́ ọ ní tirẹ̀. Lọ́dún náà ni ìjọba ṣe òfin ilé ìwé fún gbogbo ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́ ní Tokyo. Wọ́n pe ará Amẹ́ríkà kan, Marion Scott, láti wá kọ́ wọn bí ẹnì kan ṣe ń kọ́ ọmọ púpọ̀ pa pọ̀ níwájú pátákó. Àwọn tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń kíyè sí i, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tú ká lọ sí ìgbèríko, wọ́n mú àṣà kíkíyèsí ẹni tó ń kọ́ni dání lọ. Láti ibẹ̀ ni àṣà tí wọ́n ń pè ní jugyō kenkyū ti dàgbà, èyí tí í ṣe kí àwọn olùkọ́ jọ máa yẹ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wò finnífinní.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Àwọn tíṣà ilé ìwé kan yóò mú ohun kan tó ń rú àwọn ọmọ wọn lójú. Wọn yóò jókòó lé e fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò jọ kọ ètò ẹ̀kọ́ kan jáde, wọn yóò sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti kọ àṣìṣe tí àwọn ọmọ ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe àti ohun tí tíṣà yóò fèsì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tó bá pé, ẹnì kan nínú wọn yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà, àwọn yòókù yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò: ta ni ó dákẹ́, ta ni ó wo ìwé ẹnì kejì, ibo ni ojú ọmọ kan ti là. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọn yóò tún jókòó, onímọ̀ kan láti òde, tí ó sábà máa ń jẹ́ láti yunifásítì, yóò sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àtúnṣe tó bá jáde níbẹ̀ di ti gbogbo wọn.

Pátákó wọn náà yàtọ̀. Tíṣà Jàpáàn kì í ṣáà kọ kó máa nu. Ó ti mọ̀ kó tó wọlé ibi tí ìbéèrè ọjọ́ náà yóò wà, ibi tí ìdáhùn àwọn ọmọ yóò wà, tó fi mọ́ èyí tó kùnà, àti ibi tí ohun tí wọ́n fẹnu kò sí yóò wà. Bí aago bá lù, gbogbo ìrìn ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lójú pátákó láti òsì dé ọ̀tún, ọmọ tó sùn lọ díẹ̀ lè wò ó kó tún bá wọn. Ẹfun àti pátákó kan náà ni tíṣà Gidan Kwano ní.

Nàìjíríà ti yá nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè rí, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde jẹ́ ẹ̀rí tó dára. Títí di ìgbà tí ètò 6-3-3-4 dé ní 1982, ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ilé ìwé wa ń tọ̀. Àwòkọ́ṣe Amẹ́ríkà ni 6-3-3-4: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Ìlérí rẹ̀ ni pé ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Ilẹ̀ Yorùbá ti dán irú rẹ̀ wò ṣáájú, ní Comprehensive High School tó wà ní Aiyétòrò, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Ilé ìwé kan ṣoṣo ni ìyẹn, àwọn olùkọ́ tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ló sì wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí ètò náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ìjọba ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ láti òkè òkun, ó pín in káàkiri ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó gbà á kò ní iná, kò ní yàrá tí wọ́n lè gbé e kalẹ̀ sí, kò sì sí tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan án. Inú àpótí ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ti dógùn-ún. Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Jàpáàn náà gba 6-3-3-4 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, ní 1947, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọdún márùndínlógójì ṣáájú Nàìjíríà. Ètò ọdún kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yá. Bí èso wọn kò bá jọra, iye ọdún kọ́ ló fà á. Ẹni tí yóò bá tún dábàá pé kí a pa ètò ọdún dà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dábàá rẹ̀ lemọ́lemọ́, gbọ́dọ̀ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí ná.

Fínlándì ni orílẹ̀-èdè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ń rọ́ lọ wò jù láti ọdún 2001, nígbà tí èsì ìdánwò PISA àkọ́kọ́ jáde. Ìdánwò yìí ni àjọ OECD ń fi wé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún káàkiri àgbáyé, Fínlándì sì wà lókè tente. Àwọn àlejò ń rí i pé ọmọ Fínlándì kì í bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé títí yóò fi pé ọmọ ọdún méje, pé iṣẹ́ àmúrelé wọn kò pọ̀, pé ìdánwò gbogbogbòò ti orílẹ̀-èdè kò sí títí di òpin girama àgbà. Ohun tí ojú kò tètè rí ni bí ó ṣe pẹ́ tó. Ní 1968 ni ilé aṣòfin wọn ṣòfin pé ilé ìwé kan náà ni ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yóò máa lọ, èrò tí wọ́n rí kọ́ lára Swídẹ̀n. Lapland, ìhà àríwá tó jìnnà sí olú ìlú, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ó sì di 1977 kí wọ́n tó dé Helsinki. Láàárín àkókò yìí kan náà ni wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí yunifásítì, nígbà tó sì di òpin ọdún 1970 sí i, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gba oyè másítà. Ọdún 1990 sí i ni wọ́n tó dá àwọn inspẹ́tọ̀ dúró, nígbà tí wọ́n ti ní olùkọ́ tí wọ́n lè fọkàn tán. Ìjọba tó bá kọ́kọ́ yọ inspẹ́tọ̀ kúrò, tí kò tíì tọ́ olùkọ́, ìdí ló fi ń ṣáájú orí.

Ó tọ́ kí a sọ pẹ̀lú pé Fínlándì kò dúró sókè. Máàkì ìṣirò wọn nínú PISA jẹ́ 548 ní 2006, ó ti já sí 484 ní 2022, àwọn onímọ̀ wọn sì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé orílẹ̀-èdè kan ka iwájú bí òrìṣà. Ohun tí wọ́n ṣe tó yọrí ni kí a yẹ̀ wò, àti ìdí tó fi yọrí.

Síngápọ̀ ló ṣáájú gbogbo ayé ní 2022, pẹ̀lú máàkì 575 nínú ìṣirò. Fún àwọn ará Gidan Kwano, àpẹẹrẹ Síngápọ̀ súnmọ́ tòsí ju ti Fínlándì lọ, nítorí inú yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, Nanyang Technological University, ni wọ́n fi National Institute of Education sí láti 1991, ibẹ̀ ni olùkọ́ ilé ìwé ìjọba wọn ti ń gba ẹ̀kọ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń gba owó oṣù nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tó bá dé ẹnu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọgọ́rùn-ún wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọ̀nà ìgbéga. Ní Nàìjíríà, tíṣà tó mọṣẹ́ dunjú yóò di ọ̀gá ilé ìwé tàbí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, ọmọ yóò sì pàdánù rẹ̀. Ní Síngápọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ẹni tó fẹ́ ṣàkóso lè gba ti ìṣàkóso, ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí lè gba tirẹ̀, ẹni tí ìkọ́ni wù sì lè máa gòkè nínú owó àti ipò títí yóò fi di àgbà olùkọ́ tí àwọn mìíràn ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, láìkúrò nínú kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ibi tí yíyá ti le jù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Síngápọ̀ fi ń kọ́ ọmọ, Fínlándì sì ń lo èdè àwọn ọmọ fúnra wọn, ìbáà jẹ́ Finnish, Swedish tàbí Sámi. Ọmọ tó wá láti abúlé Gbagyi ní ẹ̀gbẹ́ Gidan Kwano ń sọ Gbagyi nílé, ó ń fi Haúsá nájà, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì bá nínú ìwé. Èyí tí ìwádìí rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà kò ti òkèèrè wá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn mìíràn gba ọ̀nà àtijọ́, Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé tán kò rẹ̀yìn nínú ohunkóhun. Wọ́n tayọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ mìíràn ń tọ́ka sí ìwádìí yìí títí dòní.

Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré kò tó fún ẹnikẹ́ni láti kọ ìwé kíkà ní Gbagyi, ká má tíì sọ ti kí wọ́n tọ́ olùkọ́ tí yóò fi kọ́ni. Ìwé Yorùbá tí àwọn ará Ifẹ̀ lò, àwọn fúnra wọn ló jókòó kọ ọ́, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sì ni.

Kò sí èyíkéyìí nínú ohun wọ̀nyí tó lè fìdí múlẹ̀ bí owó oṣù tíṣà kò bá jáde lásìkò, òtítọ́ tí ó yẹ kí a fi ṣáájú nínú ìjíròrò èyíkéyìí nípa ilẹ̀ òkèèrè nìyẹn. Tíṣà tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aago méjì kò ní àyè láti dúró jíròrò ẹ̀kọ́. Ewu kejì ni pé ètò tí owó ìrànwọ́ òkèèrè gbé dúró kì í pẹ́ kú bí owó náà bá tán, àyàfi bí iṣẹ́ náà bá ti di ara ohun tí ilé ìwé ń ṣe lọ́sẹ̀.

Ibi tó ti lè di bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Yunifásítì tó ń tọ́ olùkọ́ ní Fínlándì ní ilé ìwé tirẹ̀ lábẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ni níṣojú olùkọ́ àgbà; bákan náà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Jàpáàn ní ilé ìwé tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ kí àwọn tíṣà wá wo ẹ̀kọ́. Lọ́dọ̀ wa, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ máa ń lọ ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni, ní ilé ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan ni yóò wà níwájú kíláàsì, tíṣà tó ni kíláàsì náà á ti lọ sinmi, lẹ́kíṣọ́rà yóò sì yọjú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti wá fún un ní máàkì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, tíṣà ilé ìwé náà àti lẹ́kíṣọ́rà bá jọ kọ ètò ẹ̀kọ́ kan, tí ọ̀kan kọ́ ọ, tí àwọn yòókù sì wo àwọn ọmọ, TP ti di jugyō kenkyū. Akẹ́kọ̀ọ́ wà nílẹ̀, lẹ́kíṣọ́rà wà nílẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà ní Gidan Kwano, ní Bosso àti ní Maikunkele. Àwọn tíṣà Ìpínlẹ̀ Niger tó gba ẹ̀kọ́ SMASE láti 2006 ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè wá ṣe àgbà fún iṣẹ́ náà, kí iye ilé ìwé tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ má sì ju èyí tí àwọn lẹ́kíṣọ́rà lè máa dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.